Spindle Tàbí Tábìlì Router: Èwo Ni Kí Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Rà?



Ẹ lè máa wò ó pé kí ló kan ìwé àgbẹ̀ kan ẹ̀rọ káfíńtà. Ó kàn án. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan wà ní agbègbè Amúwo-Ọ̀dọ̀fin níbí tí mo máa ń bẹ̀ wò. Àwọn kan nínú wọn ń sin adìẹ, àwọn kan ń sin ẹja àrọ̀, àwọn kan ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sí orí ilẹ̀ tí wọn kò tíì kọ́lé sí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń dá owó jọ láti ra ẹ̀rọ kan tí gbogbo wọn yóò jọ máa lò. Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ni àpótí oyin fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ní ilẹ̀ lọ́nà Àgbádárìgì, ilé ìgbín, ilé ehoro, àti ilẹ̀kùn onípákó tí wọ́n lè tà fún àwọn onílé ní Festac kí owó lè wọlé ní àkókò tí ọjà ẹyin bá kú.

Ibi tí wọn yóò ti yan ẹ̀rọ ni ìjà ti dé. Bàbá kan tó ti ṣe káfíńtà rí kí wọ́n tó kọjú sí adìẹ ní spindle ni, pé ohun ìṣeré ọmọdé ni router. Akọ̀wé ẹgbẹ́, tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ní router tí a dè mọ́ abẹ́ tábìlì ni, pé spindle yóò jẹ owó ẹgbẹ́ tán, yóò tún wá jẹ ìka. Ìpàdé mẹ́ta ni wọ́n fi jà á. Nígbà tí wọ́n kọjú sí mi pé, “Olùkọ́, ẹ bá wa dá a,” mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo kà, mo lọ sí ọjà pákó, mo dúró ti àwọn tó ń lo ẹ̀rọ méjèèjì, mo béèrè ọ̀rọ̀ títí ó fi sú wọn. Ohun tí mo mú bọ̀ ni mo kọ síbí, torí mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ mìíràn náà yóò bá irú ìbéèrè yìí pàdé.

Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an?

Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Àwọn méjèèjì ń fi ọ̀bẹ tó ń yí bírí jẹ etí pákó dé ìwọ̀n tí a fẹ́. Òun ni a fi ń gé rébéètì, ìyẹn ibi tí a ti gé etí pákó wọlé bí ìpele àtẹ̀gùn kí nǹkan mìíràn lè jókòó lé e. Òun náà ni a fi ń la ojú ihò gígùn tí pákó mìíràn yóò wọ̀ sí, tí a sì fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ sí etí ilẹ̀kùn.

Spindle ni ẹ̀rọ ńlá tí ẹ máa ń rí ní ọjà pákó. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní shaper. Tábìlì irin ló ní, ọ̀pá irin kan yọ sókè láàárín rẹ̀, a ó fi ọ̀bẹ bọ ọ̀pá náà, a ó sì fi nọ́ọ̀tì dè é pinpin. Íńjìnnì iná rẹ̀ wà nísàlẹ̀, bẹ́líìtì ló so ó mọ́ ọ̀pá. Àwọn kékeré kò ju horsepower 1½ lọ. Ti àwọn onílé iṣẹ́ a máa tó 3 sí 5, ó tilẹ̀ ń jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ lè jẹ́ ½ ínṣì tàbí ¾, ti àwọn ńlá sì jẹ́ ínṣì 1 tàbí 1¼. Kò ń sáré púpọ̀: bíi 3,000 sí 10,000 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan.

Router ní tirẹ̀, ọwọ́ méjì ló ń gbé e. Káfíńtà a máa gbé e lé orí igi, a sì máa tì í lọ. Ṣùgbọ́n tí a bá dè é dojúdé mọ́ abẹ́ tábìlì, tí bíìtì rẹ̀ yọrí sókè láti inú ihò kan, ó ti di tábìlì router: igi ni a ó máa tì lọ bá a. Ìdí bíìtì rẹ̀ jẹ́ ¼ ínṣì tàbí ½ ínṣì péré. Ó ń sáré gan-an, láti bíi 8,000 dé 24,000 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan. Kíkéré tí ọ̀bẹ rẹ̀ kéré ló jẹ́ kó máa sáré tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ kékeré tó bá ń yí jẹ́jẹ́ yóò kàn máa ya igi ni, kò ní gé e. Ọ̀bẹ spindle fẹ̀, etí rẹ̀ ti ń sáré tó bí ọ̀pá rẹ̀ kò bá tilẹ̀ kánjú. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, yóò wúlò níwájú.

Àpótí oyin ló bí gbogbo rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí àgbẹ̀ ni wá, a kì í ṣe onílé iṣẹ́ ilẹ̀kùn.

Àpótí oyin onífèrémù tí gbogbo ayé ń lò, àlùfáà ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Lorenzo Langstroth ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ọdún 1852. Ohun tó ṣàkíyèsí ni pé tí àyè kan bá ṣẹ́ kù nínú ilé oyin tó jẹ́ nǹkan bíi 3/8 ínṣì, oyin yóò fi í sílẹ̀ bí ọ̀nà tí wọn ń gbà kọjá. Tí àyè náà bá jù bẹ́ẹ̀, wọn yóò mọ afárá dí i. Tí ó bá kéré jù, wọn yóò fi oje igi tó ń lẹ̀ bí àtè lẹ̀ ẹ́ pa. Nítorí náà, gbogbo agbára àpótí yìí wà nínú ìwọ̀n. Fèrémù mẹ́wàá ló ń rọ̀ sínú àpótí kan, orí rébéètì méjì ni wọ́n ń jókòó sí, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Lára pákó tó nípọn ¾ ínṣì, rébéètì náà ń wọlé 3/8 ínṣì, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ 5/8 ínṣì.

Tí ẹ bá fi ayùn ọwọ́ àti gbẹ́nàgbẹ́nà gé e, ọ̀kan á jìn ju èkejì lọ. Fèrémù á wọ́, àyè á bàjẹ́, oyin á lẹ ohun gbogbo pọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kó oyin, ẹ ó fi irin ya á, afárá á já, oyin á ṣàn dànù sílẹ̀, àwọn oníoró náà á sì bínú sí yín. Mo ti rí i rí. Mo sáré lọ́jọ́ náà, n kò tijú.

Ẹ̀rọ méjèèjì ni yóò gé rébéètì yìí ní ọgbọọgba láti àpótí kìíní dé ogún. Ìbéèrè ni pé ṣé iṣẹ́ náà pọ̀ tó láti ra èyí tó tóbi. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ogún àpótí jẹ́ ogójì rébéètì. Router kò gbọdọ̀ gé gbogbo jíjìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni kí ẹ fi gé e. Ìyẹn jẹ́ ọgọ́fà ìgbà tí a ó ti pákó kọjá. Pákó náà kò gùn ju bíi ínṣì 16 lọ. Tí a bá fún ìgbà kọ̀ọ̀kan ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú, wákàtí kan ti tó. Wákàtí kan fún ogún àpótí! Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yẹn kò sì ní ju ogún àpótí lọ́dún.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo ní láti sọ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Tí ó bá jẹ́ pé àpótí oyin onígi-orí ni ẹ fẹ́, irú èyí tí wọ́n ṣe ní Kẹ́ńyà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé láti Kánádà, ẹ ò nílò èyíkéyìí nínú ẹ̀rọ méjèèjì. Igi orí rẹ̀ ni kó ṣáà jẹ́ mìlímítà 32 ní fífẹ̀, kí ó bá oyin ilẹ̀ wa mu. Ayùn, ọ̀bẹ ìfági àti ìwọ̀n tó péye ti tó. Ilé ìgbín náà kò nílò rẹ̀, àfi tí ẹ bá fẹ́ kí ọmọrí rẹ̀ máa yọ́ wọlé yọ́ jáde nínú ojú ihò. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ sọ fún yín pé dandan ni.

Kí ẹ má sì gbé àpótí oyin sí inú àwọn close Festac o. Oyin wa kì í ṣeré. Ọ̀nà Àgbádárìgì tàbí Ẹ̀pẹ́ ni kó lọ, kó jìnnà sí ilé àti ilé ẹ̀kọ́.

Ilẹ̀kùn ńkọ́?

Níbí ni ọ̀rọ̀ bàbá káfíńtà ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ilé Festac ti pẹ́. Wọ́n kọ́ ọ láti gba àlejò ayẹyẹ àṣà àwọn ènìyàn dúdú tó wáyé ní oṣù kìíní sí oṣù kejì ọdún 1977. Ilẹ̀kùn ilé tó ti tó bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ pààrọ̀, àwọn kan sì fẹ́ràn ilẹ̀kùn onípákó gidi tó ní ojú mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ ká tún ṣírò. Ojú mẹ́fà, etí mẹ́rin mẹ́rin, ìyẹn mẹ́rìnlélógún. Iwájú àti ẹ̀yìn, ó di méjìdínláàádọ́ta fún ilẹ̀kùn kan. Ilẹ̀kùn mẹ́wàá jẹ́ 480. Bíìtì router tó ń ṣe ojú ilẹ̀kùn tó fẹ̀ a máa tó ínṣì 3½ láti ìhà kan sí èkejì, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó yí ju bíi 10,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, torí bí nǹkan bá ṣe fẹ̀ tó ni etí rẹ̀ ń sáré tó. Router tí kò ní ohun tí a fi ń dín eré rẹ̀ kù, ẹ má fi irú bíìtì yẹn sí i láéláé. Èyí tó ní in pàápàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni yóò gé etí kọ̀ọ̀kan kó tó dán. 480 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 1,920. Spindle tó ní agbára horsepower 3 yóò ṣe é lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kò ní gbóná, kò ní pariwo fíì bíi ti router, yóò sì tún jẹ́ igi líle bí ẹni jẹ ẹ̀kọ.

Tí ẹ bá ń ṣe ilẹ̀kùn mẹ́wàá lọ́sẹ̀, spindle ni. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Tí ó bá jẹ́ ilẹ̀kùn méjì lóṣù, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Iná tó ń wọ ilé yín

Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé, òun ló sì sábà ń dá ẹjọ́.

Router tó dára fún tábìlì ń jẹ iná bíi wáàtì 1,600. Lórí iná fọ́ltì 230, ìyẹn jẹ́ bíi ampere 7. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé rọra gbé e. Jẹnẹrétọ̀ kVA 2.5 tí ara rẹ̀ dá yóò gbé e. Ìyẹn kékeré tí a ń pè ní I-better-pass-my-neighbour kò lè gbé e, ẹ má dán an wò.

Spindle horsepower 3 ní tirẹ̀, agbára tó ń mú jáde nìkan ju wáàtì 2,200 lọ, iná tó ń jẹ tún ju bẹ́ẹ̀. Ìyẹn nígbà tó bá ti ń yí o. Nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, irú íńjìnnì yẹn máa ń fa iná ní ìlọ́po márùn-ún sí méje fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré á kàn ké ni, á kú. Kí ọkàn yín tó balẹ̀, ẹ ó wá jẹnẹrétọ̀ kVA 7.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀, owó epo rẹ̀ yóò sì bá yín sùn, yóò bá yín jí.

Ọ̀pọ̀ spindle ńlá ló tún jẹ́ oníwáyà mẹ́ta, ìyẹn three-phase. Ẹ wo ilé tí ẹ fẹ́ gbé e sí, ṣé iná three-phase wọ ibẹ̀? Tí ó bá wọ ibẹ̀, ṣé ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń pé? Ẹ̀yin náà mọ̀ bí ó ṣe ń rí: ẹsẹ̀ kan lọ, àwọn aládùúgbò yí wáyà wọn sí ẹsẹ̀ mìíràn, ayé ń lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ kan bá lọ nígbà tí spindle ń ṣiṣẹ́, íńjìnnì yóò máa kùn hùn-ùn, yóò gbóná, láìpẹ́ kọ́ìlì rẹ̀ ti jóná. Ohun èlò kékeré kan wà tí oníná lè so mọ́ ọn tí yóò pa á fúnra rẹ̀ tí ẹsẹ̀ kan bá ti lọ. Ẹni tó bá ra spindle tí kò ra ìyẹn, owó ló fi ṣòfò.

Láti ọdún 2024 ni iná àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ń rí iná ogún wákàtí lójúmọ́, ti gbówó lórí gan-an. Ẹ béèrè lọ́wọ́ Eko Electricity ibi tí àdúgbò yín wà kí ẹ tó ṣírò èrè.

Ọ̀bẹ àti igi

Bíìtì router wà lóríṣiríṣi, ẹyọ ẹyọ ni a ń rà á. Ẹ má ra àpótí tó kó mẹ́rìnlélógún jọ. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni ẹ ó máa lò. Èyí tí ìdí rẹ̀ jẹ́ ½ ínṣì ni kí ẹ rà, torí ¼ a máa gbọ̀n, ó sì lè ṣẹ́. Ẹ wo pé kí irin líle tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀ nípọn.

Ẹwà spindle ni pé olùpọ́n ọ̀bẹ ní ọjà pákó lè fi òkúta ìlọ̀ pọ́n ọ̀bẹ sí irú ọ̀ṣọ́ tí oníbàárà bá fẹ́. Ẹ mú ilẹ̀kùn àtijọ́ wá, wọn á ṣe ọ̀bẹ tó bá a mu. Router kò ní ìyẹn. Ohun tí wọ́n bá tà lọ́jà ni ẹ ó lò. Àmọ́ ọ̀bẹ tí wọ́n fi bóòtù há sáàárín irin méjì yẹn náà ló ń fò yọ nígbà mìíràn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn òfin ẹ̀rọ iṣẹ́ ti ọdún 1998, orí ọ̀bẹ tí ẹnu rẹ̀ kò yọ ju bíi mìlímítà kan lọ ni wọ́n ní kí àwọn tó ń fi ọwọ́ ti igi máa lò, kí ó má baà lè jẹ ẹran ara jìn. Tí ẹ bá fẹ́ spindle, irú rẹ̀ ni kí ẹ béèrè.

Ní ti igi, arère ni mo fẹ́ fún àpótí oyin. Ó fúyẹ́, ó rọrùn láti gé, ẹni kan lè gbé àpótí tó kún. Àlébù rẹ̀ ni pé ikán àti òjò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí náà ẹ kun ìta rẹ̀ lọ́dà, ẹ má kun inú, kí ẹ sì gbé e lé ẹsẹ̀ tó dúró sínú agolo epo. Ìrókò dára fún ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ó máa ń ní nǹkan bí òkúta nínú tó ń ká ẹnu ọ̀bẹ. Èyí tí ẹ bá rí, ẹ yà á sọ́tọ̀. Eruku mansonia ń mú ènìyàn sín, ó ń da ara láàmú, imú àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ fi nǹkan bo imú, pẹ̀lú igi yòówù kó jẹ́. Okobaba ní Ẹ̀bùté-Mẹ́tta ni a mọ̀ fún pákó tẹ́lẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń kó wọn lọ sí Agbowa. Fún àwa tí a wà níhìn-ín, ọjà pákó Mùṣín sún mọ́ wa jù.

Ìka ọwọ́

Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, a ní yàrá iṣẹ́ tí a ti ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe ilé adìẹ. Ọmọ kíláàsì mi kan mú pákó pénpé kan, kò tó ẹsẹ̀ kan, ó ń fi ọwọ́ lásán tì í gba ojú spindle. Igi náà gbá padà. Ọwọ́ tó ń tì í kò rí ohun tí yóò dá a dúró mọ́. N kò ní sọ gbogbo rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé títí a fi jáde. Kò sí ẹni tó kọ́ wa ní ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ fún wa.

Igi gbọ́dọ̀ máa lọ pàdé ọ̀bẹ, kò gbọdọ̀ máa bá ọ̀bẹ rìn. Lórí tábìlì router, tí ẹ bá dúró níwájú rẹ̀, láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí ọwọ́ òsì ni. Tí ẹ bá tì í láti òsì, ọ̀bẹ á gba igi náà lọ́wọ́ yín, á sì fà ọwọ́ mọ́ ọn. Spindle tún ní ìṣòro kan: ọ̀pọ̀ wọn ní bọ́tìnnì tó ń jẹ́ kí ọ̀pá yí sí ìhà méjèèjì. Ẹni tó bá lò ó kẹ́yìn lè ti yí i padà. Kí ẹ tó ti igi, ẹ tàn án, ẹ pa á, ẹ wo ìhà tó ń yí sí.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí igi há sáàárín ọ̀bẹ àti ògiri kékeré tí igi ń fara tì. Ara ògiri náà ni kí ọ̀bẹ ti máa yọ jáde. Tí igi bá gba àárín kọjá, yóò fò bí ọta ìbọn. Pákó kékeré, ẹ má gé e ní kékeré. Ẹ gé etí rẹ̀ nígbà tó ṣì wà lára pákó fífẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wá fi ayùn là á. Ẹ ṣe igi ìtì méjì, kí ọwọ́ yín má sún mọ́ ọ̀bẹ rárá. Ìbọ̀wọ́ kò dára níbí, ó ń fa ọwọ́ wọlé. Agbádá, bùbá ọlọ́wọ́ gígùn, gèlè tó ń já, ìró tó tú, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ fi sílé. Ẹ yọ wáyà kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó pààrọ̀ bíìtì. Ẹ sì fi nǹkan dí etí. Igbe router ń dín ìgbọ́ràn kù díẹ̀díẹ̀.

Àwọn kan ní router kò léwu. Ó léwu. Àmọ́ ohun tó ń gé lẹ́ẹ̀kan kéré, agbára tó fi ń ju igi kéré sí ti spindle. Fún ẹgbẹ́ tí ènìyàn méjìlá yóò máa lo ẹ̀rọ kan náà, tí mẹ́wàá nínú wọn kò ṣe káfíńtà rí, èyí wúwo lójú mi ju ọ̀rọ̀ owó lọ.

Tokunbo

Tí ẹ bá fẹ́ rà á ní àlòkù, ní Alábà tàbí níbòmíràn, ẹ wo àkọlé ara rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ti Amẹ́ríkà wá lè jẹ́ fọ́ltì 110. Tí ẹ bá fi sí iná wa láìsí transformer, èéfín ni ẹ ó rí. Spindle Amẹ́ríkà tún ní tirẹ̀: 60 ni iná wọn, 50 ni tiwa, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́fà eré rẹ̀ yóò dín, íńjìnnì á sì máa gbóná. Router kò bìkítà fún 60 tàbí 50, fọ́ltì nìkan ni kí ẹ wò.

Ẹ di ọ̀pá spindle mú nígbà tí iná kò sí lára rẹ̀, ẹ mì ín. Tí ó bá ń mì, bíárìn rẹ̀ ti lọ. Ti router, ẹ wo bọ́ọ̀ṣì dúdú méjì tó wà nínú rẹ̀, ẹ béèrè bóyá a lè rí irú rẹ̀ rà, torí yóò tán lọ́jọ́ kan.

Kí ẹ sì rántí ilẹ̀ tí a wà. Omi ń wọlé fún wa tí òjò bá rọ̀ púpọ̀, atẹ́gùn ọ̀sà sì ń dá irin ní ìpẹtà. Íńjìnnì spindle wà nísàlẹ̀ pátápátá, ènìyàn mẹ́rin kò sì lè gbé e sá fún omi. Ẹni tó bá ní in, kó mọ pèpéle kọ́ńkéré fún un, kó máa fi epo nu ojú tábìlì. Router, ẹ tú u, ẹ gbé e lọ sílé lálẹ́. Omi kò ní kàn án, olè náà kò ní rí i.

Ibi tí ẹgbẹ́ náà fi ọ̀rọ̀ sí

Nígbà tí mo ka gbogbo èyí fún wọn, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Ìyá kan tó ń sin ẹja ló béèrè ìbéèrè tó dára jù: “Àwọn tó ní spindle ní ọjà pákó, ṣé wọn kì í gbowó bá ènìyàn gé tirẹ̀ ni?” Wọ́n ń gbà á. Ẹ gbé pákó lọ, ẹ sọ irú etí tí ẹ fẹ́, ẹ san owó iye tí wọ́n bá gé, ẹ máa bọ̀ nílé. Bí ilẹ̀kùn méjì ti ń wọlé lóṣù, kò sí ìdí láti ra ẹ̀rọ tí yóò máa sùn lábẹ́ tapólì.

Wọ́n fi owó sí router onídìí ½ ínṣì tó ní ohun tí a fi ń dín eré rẹ̀ kù. Tábìlì rẹ̀, àwọn fúnra wọn ni wọn yóò kàn án láti inú pákó pẹlẹbẹ tó nípọn, wọn yóò sì fi swíìṣì sí iwájú rẹ̀ níbi tí orúnkún lè ti pa á. Owó tó ṣẹ́ kù, wọ́n fi ra pákó arère àti oúnjẹ adìẹ. Ènìyàn mẹ́rin péré ni yóò máa lò ó fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, bàbá káfíńtà ni yóò sì máa kọ́ wọn.

Bàbá kò tíì gbà tán o. Wọ́n ní tí ilẹ̀kùn bá fi wọlé fún oṣù mẹ́fà láìdáwọ́ dúró, kí a tún ìpàdé pè lórí spindle. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀, akọ̀wé sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ wo bí a ó ṣe gé rébéètì àpótí àkọ́kọ́, kí wọ́n fi fèrémù kan ránṣẹ́ sí mi ní ọ́fíìsì ṣáájú, ká lè fi wọ̀n ọ́n.